Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fọwọ́ sí àdéhùn iṣẹ́ software yìí?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kí n bá àwọn kọ software tí wọ́n á máa fi ka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Iye owó ti wà nínú ìwé àdéhùn, ọjọ́ tí iṣẹ́ á parí náà ti wà níbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe gan-an ò ju gbólóhùn kan lọ: “Software náà gbọ́dọ̀ yára, kó rọrùn láti lò, kó sì ní gbogbo ohun tí irú rẹ̀ máa ń ní.”

Nígbà tá a kọ́kọ́ pàdé, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí nìkan ni wọ́n ní á máa lò ó. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà wọn ti kún un. Lánàá ni ọ̀gá wọn tún dárúkọ app orí fóònù, bí ẹni pé a ti jọ fẹnu kò sí i. Owó ò kúrò níbi tó wà, ọjọ́ ò sún. Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, mi ò sì fẹ́ pàdánù iṣẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Kóòdù
Má tíì fọwọ́ sí i, àbúrò. Kí oníbàárà má mọ gbogbo ohun tó fẹ́, ìyẹn ò burú. Ọ̀pọ̀ ni ò ní mọ̀ ọ́n títí wọ́n á fi rí nǹkan lójú. Ibi tí ewu wà ni pé wọ́n ti de owó àti ọjọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Ohunkóhun tí wọ́n bá rántí lọ́la, ọrùn rẹ ló ń bọ̀.

“Gbogbo ohun tí irú rẹ̀ máa ń ní”, ta ló máa sọ pé ó ti pé? Àwọn tó fẹ́ sanwó náà ni. Sọ “yára” yẹn di ohun tó ṣeé wọ̀n: bí òṣìṣẹ́ bá tẹ nọ́ńbà ọjà, kó rí iye tó kù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, bí èèyàn 50 tilẹ̀ ń lò ó pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Alábòójútó Iṣẹ́
Iṣẹ́ ńláńlá pàápàá máa ń bàjẹ́ lọ́nà yìí. FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, pa software kan tì lọ́dún 2005, Virtual Case File ni wọ́n pè é, lẹ́yìn tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là ti bá a rìn. Lára ohun tí àwọn olùṣèwádìí rí ni pé ohun tí wọ́n ń béèrè ò dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lé ní 800 ojú ewé! Nítorí náà, ẹ má rò pé ìwé gbọọrọ ló máa gbà yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní “gbogbo wa ni”. Bí mo bá sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní mò ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Adáṣẹ́ṣe
“Gbogbo wa ni” yẹn bà mí lẹ́rù ju app lọ. Pín iṣẹ́ náà sí méjì. Àdéhùn kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀: wàá jókòó ti àwọn tó ń ka ọjà, wàá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí software náà máa ní, wàá kọ ohun tí software máa ṣe àti ohun tí kò ní ṣe. Tiwọn ni ìwé náà, kódà bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàá tó dá iye lé èyí tó kù. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣì fẹ́ máa yí i padà, kí wọ́n máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Agbẹjọ́rò
Fi èyí kún ìwé náà: “Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ara iṣẹ́. Àyípadà yòówù, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú owó àti ọjọ́ tó máa fi kún un, a kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àfi tí a bá jọ fọwọ́ sí i.” Kọ iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti yẹ iṣẹ́ wò náà sí i, bí ọjọ́ ọ̀hún bá kọjá tí wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ti gbà á. Jẹ́ kí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tó o wà kà á kó o tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Kóòdù
Ọ̀kan ṣì kù, àbúrò. Béèrè bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé dé ìdí ọjà lọ́hùn-ún. Bí kò bá wọlé, software náà ní láti máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì mú kí gbogbo àkọsílẹ̀ bára mu nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà dé. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ sì ni.