Ṣé lóòótọ́ ni Camry Muscle V6 lè fi Benz àtijọ́ sílẹ̀?

Òkè_Àdó_Boy:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ ní Bódìjà níbí. Àwọn kan ní kò sí bí mọ́tò ilé tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ṣe lè ya Benz 190E tàbí Peugeot 504 ayé ọjọ́sí sílẹ̀. Àwọn kan ní Camry Muscle V6 (Camry 2007 sí 2011 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà) yóò gba iwájú gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, iye gan-an ni mo fẹ́: ìṣẹ́jú àáyá mélòó láti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan? Kí ló fà á? Tí èèyàn bá sì fẹ́ ra V6 tòkunbọ̀, kí ni kó yẹ̀ wò?

Ayára_bí_Àṣá:
Àwọn tó gbè sẹ́yìn V6 ló jàre. Volkswagen ìjàpá 1300, tí agbára rẹ̀ jẹ́ bíi hp (agbára ẹṣin) 44, ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ kó tó dé 100. Peugeot 504 GL onílítà méjì, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, ní bíi hp 96, ó ń lo 12 sí 13. Benz 190E onílítà méjì, hp 122, bíi 11. Ẹ wá wo Corolla 2005 tí gbogbo ayé ń pè ní mọ́tò jẹ́jẹ́: bíi 10. Camry Muscle 2.4, hp 158, bíi 9. V6 onílítà 3.5 ní hp 268, bíi 6 ló fi ń dé 60 máìlì ní wákàtí kan.

190E kan wà tó yàtọ̀ o, 2.3-16, hp 185. Ìṣẹ́jú àáyá 7.5 ni Benz fúnra wọn kọ fún un. Porsche 911 SC ti 1978, hp 180, bíi 7. Àwọn méjèèjì yìí, tí wọ́n ṣe nítorí eré sísá, Camry V6 gba iwájú wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì tí ẹ bá ń ka iye kiri. 60 máìlì kì í ṣe 100 kìlómítà, 96.6 ni, ó sì máa ń fi bíi 0.3 ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀. Èkejì, hp tí wọ́n ń kọ fún mọ́tò Amẹ́ríkà ṣáájú 1972, orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bọ́ gbogbo ẹrù kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nítorí náà ó máa ń ga ju bó ṣe wà lójú títì lọ.

Mẹkáníìkì_Challenge:
Ẹ má wo hp nìkan, ẹ fi ìwúwo pín in. 504 wọn bíi kílò 1,200, ìyẹn bíi hp 80 fún tọ́ọ̀nù kan. Camry V6 wúwo jù ú lọ dáadáa, bíi kílò 1,580, síbẹ̀ ó ní bíi 170 fún tọ́ọ̀nù kan.

Inú ẹ́ńjìnnì ni ìyàtọ̀ ti wá. Ti 504 ní fáàlù mẹ́jọ, kabúrétọ̀ ló ń fún un lépo, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo nínú rẹ̀ kò sì dé 9 sí 1. 2GR-FE, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Camry V6, ní fáàlù 24, ìfúnpọ̀ 10.8 sí 1, VVT-i sì ń yí ìgbà tí fáàlù ń ṣí padà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára sí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ máa kan (tí epo ń gbiná láìtó àsìkò), sẹ́ńsọ̀ máa gbọ́, kọ̀ǹpútà á sì fa àkókò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú epo lásán. Jíà náà ńkọ́? 504 ní mẹ́rin, Camry V6 ní mẹ́fà, Accord 2018 onílítà méjì tó ní turbo (ohun tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) ní mẹ́wàá, òun náà kì í lo ìṣẹ́jú àáyá 6 kó tó dé 60 máìlì.

Àmọ́ V6 púpọ̀ tó wà ní Ìbàdàn kò tún lè ṣe iye yẹn mọ́, plọ́ọ̀gì ló sì sábà máa ń fà á. Mẹ́fà ni. Mẹ́ta iwájú rọrùn láti yọ. Mẹ́ta ẹ̀yìn, àfi kí ẹ tú ọpọ́n afẹ́fẹ́ tó wà lókè ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ ti iwájú, wọ́n á fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n kó àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé yín lọ́wọ́. Denso FK20HR11 ló bá a mu, àlàfo rẹ̀ 1.1 mm. Ayédèrú rẹ̀ wà lọ́jà, torí náà tí ẹ bá lọ sí Arárọ̀mí ní Gate, ẹ gbé àtijọ́ lọ kí ẹ fi wé e. Kí wọ́n fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí abẹ́ ọpọ́n náà nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé níbẹ̀, P0171 àti P0174 (kóòdù tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ) máa jáde. Tí kóòdù méjèèjì bá yọ tí gáskẹ́ẹ̀tì sì dára, ẹ fọ sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ẹ wọn agbára pọ́ǹpù epo.

Arìnnàkore:
Kí ẹ tó san owó V6, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí bẹ́líìtì wà, sí apá ẹ̀yìn. Páìpù ọ́ìlì VVT-i wà níbẹ̀. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, rọ́bà ló wà láàárín rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń gbẹ, á bẹ́, ọ́ìlì lítà mẹ́fà á dà sílẹ̀ kíá. Bí awakọ̀ kò bá pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀ tí iná ọ́ìlì bá tàn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ẹ fi páìpù onírin pátápátá rọ́pò rẹ̀, kódà bí rọ́bà náà kò bá tíì jò. Sienna, Highlander àti ES350 ìgbà yẹn ní irú páìpù kan náà.

Táyà náà ṣe pàtàkì. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Mọ́tò tó ń sáré báyìí kò yẹ kó wà lórí táyà tòkunbọ̀ ọdún mẹ́wàá. Bíréèkì ńkọ́? Ohun tí bíréèkì máa gbà mọ́ra ní 120 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 60.

Òkè_Àdó_Boy:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé 2.4 kò wá tó fún ojú ọ̀nà wa?

Ayára_bí_Àṣá:
Láàárín ìgboro, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Láti Mọ́kọ́lá dé Iwo Road, kò sí ibi tí ẹ máa lo hp 268 sí. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàtọ̀ ti ń jáde, nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọjá tírélà níbi tí mọ́tò ń lọ tó ń bọ̀. Ní 100, mọ́tò ń rin bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń bọ̀ náà ń rin 28. Tí V6 bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yára kọjá ju 2.4 lọ, ó ju 100 mítà lọ tí ẹ fi jìnnà sí ẹni yẹn. FRSC kò gba ju 100 lọ lórí ẹ̀sípíréèsì, nítorí náà ibi ìkọjá yìí gan-an ni agbára ti wúlò.

Mẹkáníìkì_Challenge:
Tí ó bá jẹ́ 2.4 lẹ fẹ́, ẹ ṣọ́ ti 2007 sí 2009. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì rẹ̀ kéré, ó máa ń dí, rìǹgì á há, ẹ́ńjìnnì á wá máa jẹ ọ́ìlì. Ẹ fa dípísítíìkì ní gbogbo 1,000 kìlómítà. Kí ẹ tó rà á, ẹ jẹ́ kó dúró síbi kan, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ iná lójijì: tí èéfín búlúù bá jáde lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.