Màlúù mi lóyún, òtútù ti dé: ṣé pòròpórò àgbàdo lè gbé wọn dé oṣù kẹta?

Àgbẹ̀ Nebraska:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àgbà inú gúrúpù. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Nebraska ni mo wà ní Amẹ́ríkà, mo ní abo màlúù 20, Black Angus ló pọ̀ jù nínú wọn, gbogbo wọn ló lóyún, dókítà ẹran ti yẹ̀ wọ́n wò, ìparí oṣù kẹta ló yẹ kí wọ́n máa bí. Mẹ́rin nínú wọn ò tíì bímọ rí. Koríko gbígbẹ ti wọ́n gógó lọ́dọ̀ wa, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ òyìnbó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè àgbàdo ẹ̀ tán, éékà 40, ó ní kí n wá háyà ilẹ̀ yẹn kí màlúù mi máa jẹ ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀, pé bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo lọ wo oko ọ̀hún, pòròpórò gbígbẹ lọ súà! Nílé, tí wọ́n bá kórè tán, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń dáná sun nǹkan yìí ni. Kí ni oyún á rí jẹ nínú ẹ̀? Àti pé kí ni kí n fi kún un tí kò ní gbówó lórí?

Bàbá Kansas:
Àbúrò, aládùúgbò yín ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú kúrò lára ọ̀pá tó dúró yẹn, màlúù gan-an ò kà á sí. Tí wọ́n bá wọ oko, àgbàdo tó já sílẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣà jẹ, háhá àti ewé ló kàn, ṣùkù àti pòròpórò fúnra ẹ̀ dìgbà tí kò bá sí nǹkan míì mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé pòròpórò ni wọ́n ń rún lẹ́nu, oko yẹn ti tán nìyẹn, ẹ kó wọn jáde. Bushel mélòó (òṣùwọ̀n àgbàdo tiwa níbí, bíi kílò 25) ló rí lórí éékà kan?

Àgbẹ̀ Nebraska:
Ó ní 180 sà.

Bàbá Kansas:
Ó da. Bá a ṣe ń ṣírò ẹ̀ níbí, ẹ fi 3.5 pín 180, ó lé díẹ̀ ní 51. Iye ọjọ́ tí màlúù kan tó wúwo tó pọ́ùn 1,200 máa fi jẹ éékà kan nìyẹn. Éékà méjì-méjì ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan tiyín, bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá wọlé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, á gbé yín dé àárín oṣù kejì tí sínóò ò bá bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní dé ìparí oṣù kẹta tí wọ́n máa bí, torí náà koríko gbígbẹ lẹ máa fi parí ẹ̀, ẹ tọ́jú èyí tó dáa jù fún ìgbà yẹn. Ẹ má sì ṣí gbogbo éékà 40 fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹ fi wáyà iná pín in, torí tí wọ́n bá ráyè, wọ́n á jẹ gbogbo èyí tó dùn tán láàárín oṣù àkọ́kọ́, ìdọ̀tí ló máa kù nígbà tí oyún bá ti wúwo.

Dókítà Ẹran:
Ikùn wọn á yó, ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Purotéènì ni ò tó. Ewé àti háhá tó ti gbẹ, purotéènì inú ẹ̀ kì í sáà ju bí ìdá 5 nínú 100 lọ, màlúù tí oyún ẹ̀ ṣì wà láàárín nílò bíi 7, tó bá wá ku oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó bí, á di 8 sí 9 torí ìgbà yẹn gan-an lọmọ inú ń tóbi. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú àpòlúkù ló ń bá màlúù da gbogbo nǹkan líle yìí, tí àwọn yẹn ò bá rí purotéènì jẹ wọn ò lè ṣiṣẹ́, oúnjẹ á kàn jókòó síbẹ̀, ẹran á máa rù tòun ti ikùn ńlá. Tí omi náà ò bá tún tó, inú á dí pátápátá, ó lè pa á.

Nebraska tẹ́ ẹ wà yẹn, ilé iṣẹ́ ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe láti pò mọ́ epo ọkọ̀, pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, ẹ ra distillers grains. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ohun tó ṣẹ́kù tí wọ́n bá fi àgbàdo ṣe ethanol tán ni, bí èérí ògì ló ṣe rí, àmọ́ purotéènì inú ẹ̀ tó ìdá 30 nínú 100. Pọ́ùn 2 tàbí 3 ti èyí tó gbẹ ti tó màlúù kan lójúmọ́, kílò kan àti díẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò sì ní láti máa gbé e lọ lójoojúmọ́, ẹ ṣírò ti ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n.

Bàbá Kansas:
Dókítà, mo gbà, ṣùgbọ́n èmi kì í fún àwọn ìyá àgbà mi ní nǹkan kan yàtọ̀ sí iyọ̀ àti mineral (àpòpọ̀ èròjà bíi calcium tí wọ́n ń tà fún ẹran) títí á fi kù díẹ̀ kí Kérésì dé. Tí ara wọn bá dáa tí wọ́n sì láyè láti ṣà á jẹ, owó lẹ kàn ń dà nù.

Dókítà Ẹran:
Tí ara wọn bá dáa lẹ wí yẹn, Bàbá, èmi ò bá yín jà. Àgbẹ̀ Nebraska, ẹ lọ wo egungun ìhà wọn, ẹ fọwọ́ kàn án torí irun wíńtà máa ń tan ojú jẹ. Lórí òṣùwọ̀n 1 sí 9 tá a fi ń mọ bí ẹran ṣe sanra tó, tí 1 jẹ́ èyí tó rù jù, kí ìyá àgbà wà ní 5 nígbà tó bá máa bí, àwọn tí ò bí rí kó jẹ́ 6. Tí egungun ìhà méjì tó gbẹ̀yìn bá ti ń yọ síta, 4 nìyẹn, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó bí tán kẹ́ ẹ tó ní ẹ fẹ́ fún un lóúnjẹ, wàrà ló máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ, kò ní tètè gba akọ mọ́, ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa rí gbèsè ẹ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ jàre, àwọn fúnra wọn ṣì ń dàgbà, àwọn ìyá àgbà ò sì ní jẹ́ kí wọ́n débi oúnjẹ.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ̀yin ará òkè òkun ẹ kú ìnáwó o 😂 Àwa níbí, yúríà, ajílẹ̀ funfun yẹn, la fi ń tún pòròpórò ṣe. Kílò 4 nínú omi bíi lítà 50, ẹ wọ́n ọn sórí pòròpórò tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́, 100 kílò, ẹ fi ọ̀rá bò ó pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kẹ́ ẹ tó fún wọn. Ẹran á máa jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ oúnjẹ Iléyá. A tún ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti ewé ẹ̀pà kún un.

Dókítà Ẹran:
Ó dáa gan-an fún ọ̀gbẹlẹ̀ wa nílé, ooru ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú òtútù Nebraska, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò ní tó rárá. Àwọn tó ń ṣe é lọ́hùn-ún, gáàsì ammonia ni wọ́n ń fẹ́ sábẹ́ ọ̀rá, wọ́n á sì ti ṣe é kí òtútù tó dé. Pòròpórò àti straw (igi ọkà bíi wíìtì tó ti gbẹ) nìkan o! Ẹni tó bá fẹ́ ẹ sí koríko tó dáa, ẹran á ya wèrè, ọmọ tó ń mu wàrà ẹ̀ náà á ya wèrè. Ẹ má sì da yúríà lásán sínú oúnjẹ fún ẹran tí ò jẹ hóró kankan, májèlé ni.

Ìyá Saskatchewan:
Straw ọkà báálì la fi ń ṣe tiwa níbí ní Kánádà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ jẹ́ n fi ti òtútù kún un. Màlúù tí irun ẹ̀ nípọn tó sì gbẹ, bíi -8 Celsius ló tó máa mọ òtútù lára, àmọ́ tí òjò bá pa á, 15 péré ti tó láti dà á láàmú. Torí náà ẹ wá nǹkan tó máa dínà atẹ́gùn fún wọn, kẹ́ ẹ sì fi oúnjẹ kún un kí òtútù ńlá tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Omi ńkọ́? Ṣé omi wà nínú oko yẹn tí ò ní dì?

Àgbẹ̀ Nebraska:
Ẹ ṣé mà. Kànga wà níbẹ̀, mo máa ra drum oníná. Mo fẹ́ bèèrè, aládùúgbò yẹn tún fẹ́ ta béèlì pòròpórò, èyí tí wọ́n ti dì jọ, fún mi láti oko míì tí ọ̀dá bá jà, owó ẹ̀ kéré gan-an. Ṣé kí n rà á?

Dókítà Ẹran:
Ẹ má fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó gbé e lọ láàbù kí wọ́n yẹ nitrate inú ẹ̀ wò, èròjà tí irúgbìn ń fà látinú ilẹ̀ tó máa ń di májèlé fún ẹran tó bá pọ̀ jù. Tí ọ̀dá bá ja àgbàdo, ìsàlẹ̀ pòròpórò ni nitrate máa ń kó jọ sí, gbígbẹ ò sì ń lé e lọ. Nínú oko, màlúù á ṣa ewé jẹ, á fi ìsàlẹ̀ yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú béèlì tẹ́ ẹ ti lọ̀, kò sí ṣíṣà níbẹ̀, ó lè já oyún dànù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé fítámì A. Kò sí i nínú nǹkan tó ti gbẹ tó báyìí, èyí tó wà lẹ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ń jẹ koríko tútù kì í ju oṣù méjì sí mẹ́rin lọ, ẹ ra mineral tó ní i nínú, kó sì ní calcium dáadáa torí distillers ò fi bẹ́ẹ̀ ní in.

Bàbá Kansas:
Kí wọ́n tó wọ oko lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká. Tí odindi àgbàdo bá pọ̀ nílẹ̀, ẹ fún wọn ní koríko yó kẹ́ ẹ tó ṣí géètì, àjẹjù hóró máa ń ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Àwọn ọ̀pá wáyà iná yẹn ńkọ́, ẹ ti rì í? Ẹ tètè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, tí ilẹ̀ bá ti dì, òòlù ò ní ràn án.

Àgbẹ̀ Nebraska:
Ọjọ́ Sátidé ni mo máa rì í sà. Mo ti pe ilé iṣẹ́ ethanol, wọ́n ní ti tútù wọ́n ní, ti gbígbẹ wọ́n ní, ti tútù dín owó.

Dókítà Ẹran:
Gbígbẹ ni kẹ́ ẹ rà. Omi ló pọ̀ jù nínú ti tútù, màlúù 20 ò sì ní tètè jẹ ẹ́ tán kó tó bu.