Roll hoop lẹ́yìn orí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín to ọkọ̀ aláìlórùlé, ẹ sọ ìrírí yín

Afọwọ́tọkọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ẹlòmíì ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí, ó sú u lágbedeméjì, ló bá tà á fún mi. Ìran Lotus Seven ni, irú èyí tó jáde ní 1957, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tò fúnra wọn títí dòní: ṣáásì onípáìpù tín-ín-rín, ẹ́ńjìnnì Mazda MX-5, ìdí ọkọ̀ sì jẹ́ fáíbà. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni roll hoop méjì, irin tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun láti dáàbò bo orí bí ọkọ̀ bá dojú dé, tó ń dán yinrin lẹ́yìn ìjókòó. Ọ̀gá tó tà á fún mi fọwọ́ lu ọ̀kan, ó ní, "Bó bá gbókìtì, orí ẹ ò ní kan ilẹ̀."

Nígbà tí mo gbé e délé, mo kó sábẹ́ rẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ irin náà gba inú fáíbà kọjá, wọ́n fi bọ́ọ̀tì àti wáṣà há a lábẹ́, ó parí síbẹ̀. Kò fara kan ṣáásì rárá. Mo di orí irin náà mú, mo mì í, gbogbo ìdí ọkọ̀ bá a mì. Ọ̀dà ti ń là wẹ́wẹ́ yí ihò bọ́ọ̀tì ká. Irin oge lásán ni.

Ibi tí irin náà tẹ ẹsẹ̀ lé ṣe pàtàkì ju irin náà lọ, ohun tí ọkọ̀ yìí kọ́ mi nìyẹn. Páìpù onígun mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe ṣáásì, mìlímítà 25 ni fífẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀ ò ju 1.6 lọ. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ roll hoop lé àárín irú páìpù bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé, ńṣe ni yóò gún un wọlé bí ọmọ odó. Oríkèé ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí, níbi tí páìpù mẹ́ta mẹ́rin ti pàdé, kí agbára tó bá bọ́ lù ú lè rí ọ̀nà pín sí. Òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ní kí irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 120 cm², wà lábẹ́ ẹsẹ̀ irin ńlá kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀tì M8 (oní-mìlímítà 8) tí agbára rẹ̀ tó ipele 8.8 sì di í mú, ó kéré tán mẹ́ta. Ọkọ̀ tó ní ara irin gidi ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n mo fi ṣe òdiwọ̀n.

Mo tú irin oge náà dànù. Wẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní páìpù omi ti tó. Mo ní rárá o. Páìpù omi lójú ìjópọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síǹkì tí wọ́n sì fi bọ̀ ọ́ lára, èéfín rẹ̀ lè dá ibà sí ẹni tó ń jó o lára. Páìpù aláìlójú-ìjópọ̀ tí wọ́n fà ní tútù ni mo wá rí, mìlímítà 45, ògiri 2.5. Ibi títẹ̀ ló tún di wàhálà. Ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ ẹ́ fún mi, abẹ́ ibi tó ti tẹ̀ hunjọ, ó tún fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yọ kálípà tí wọ́n fi ń wọn páìpù jáde níwájú wọn. FIA ní tí o bá wọn ibi tó tín-ín-rín jù níbi tí páìpù ti tẹ̀, tí o pín in pẹ̀lú ibi tó fẹ̀ jù, kò gbọdọ̀ dín sí 0.9. Tiwọn ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mi ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ki irin sínú páìpù bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ló bá mi ṣe é, ibi tó tẹ̀ dán, kò hunjọ níbì kankan.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ gíga ni tèmi. Bàbá àwọn ìbejì ga, gbogbo ìgbà tí a bá wọn roll hoop, ó máa ń jọ pé ó tó. Mo ní kó dé àṣíborí, kó di bẹ́líìtì pinpin, kó jókòó bí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ ní tòótọ́. A wá gbé igi ìgbálẹ̀ láti orí irin ẹ̀yìn dé orí irin ààbò tó wà níwájú awakọ̀. Igi náà gun orí àṣíborí! Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré ìje ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní òfin pé kí àyè bíi mìlímítà 50 wà láàárín àṣíborí àti ìlà yẹn. Ẹ má gbàgbé pé bẹ́líìtì máa ń fà, ara sì máa ń yọ sókè bí ọkọ̀ bá dojú dé.

Ẹnu yà á nígbà tí mo ní ìjókòó ni ká rẹ̀ sílẹ̀, ká fi irin náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí irin bá ṣe ga tó ni agbára tó ń yí i nídìí ṣe ń pọ̀ tó. Fóòmù ìjókòó la gé.

Ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì iwájú kì í ṣe irin iwájú o. Férémù gíláàsì ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́.

Àkànbí Wẹ́dà

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbàgbé irin àtẹ̀yìnwá tó ń fẹ̀yìn ti roll hoop. Kó gùn tààrà, kó bẹ̀rẹ̀ nítòsí orí irin ńlá, kó sì fi ó kéré tán digírì 30 dà sẹ́yìn kúrò lóòró. Èyí tó bá dúró ṣánṣán jù, kò gbà á dúró.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń rí i tí ibi tó yẹ kó bọ́ sí jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì epo gan-an. Kí táǹkì kúrò nínú ọkọ̀ kí iná tó tàn. Òfìfo rẹ̀ léwu ju kíkún lọ, afẹ́fẹ́ epo ló ń bú gbàmù.

Ẹ sì má jẹ́ kí wẹ́dà fi gíríńdà fá ojú ìjópọ̀ kó lè dán. Ara ohun tó dì í mú lẹ ń fá dànù yẹn.

Táyélolú

Ẹ dákun, kí ló dé tí a ò ṣe é bíi ti Mercedes SL ọdún 1989, tí irin náà sá pamọ́, tó ń yọ síta fúnra rẹ̀?

Àkànbí Wẹ́dà

Àbúrò, ìyẹn ń yọ láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé ló sì ń pàṣẹ fún un. Inú gáréèjì ẹ kọ́ nìyẹn. Fi irin sójú kan.

Dókítà Eré

Ẹ jẹ́ n dá sí i. Fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń bo páìpù omi gbígbóná ni mo ń rí lára roll hoop ọ̀pọ̀ yín. Tẹ ìka mọ́ ọn, ó kan irin lọ́gán. Fóòmù líle tí wọ́n kọ àmì ìlànà ààbò SFI 45.1 tàbí FIA 8857-2001 sí lára ni ẹ wá. Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ lójú títì láìdé àṣíborí, ìyẹn ò tó yín: bí wọ́n bá kọlù yín lẹ́yìn, orí yóò fò sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí irin náà jìnnà sí orí, kí ìjókòó ní ibi gbígbé orí lé.

Afọwọ́tọkọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, mo ti gbé igi ìgbálẹ̀ náà, ó kù díẹ̀ kó tó, mo ń gé fóòmù lọ́wọ́.

Ní ti fáíbà tí ẹsẹ̀ irin gbà kọjá: mo gé ihò náà fẹ̀ ju páìpù lọ, mo fi rọ́bà yí i ká, kí irin má bàa máa ha fáíbà bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Òrùlé aṣọ náà ò ká dáadáa mọ́, màá rán òmíràn.

Bẹ́líìtì èjìká ò wọlẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mọ́. Mo na irin ìbú kan láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì roll hoop, ní ìwọ̀n èjìká. Bí bẹ́líìtì bá ń fà wálẹ̀ ju digírì 45 lọ, egungun ẹ̀yìn ni yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà ìkọlù.

A tú bátìrì àti alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì) kúrò kí wẹ́dà tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó kọ́kọ́ fi iná lẹ roll hoop náà ní tótó-tótó nínú ọkọ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó wá jó o yí ká lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ mo padà sí àwọn bọ́ọ̀tì pẹ̀lú spanner, àwọn kan ṣì gba ìyí díẹ̀.