Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: síríìsì Tripods, èwo lọmọ máa kọ́kọ́ kà?

Màmá Ọlọ́mọ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 11, ìwé ìtàn tó bá ti ní ẹ̀rọ àti ojú sánmà nínú ni tiẹ̀ báyìí, kì í gbé e sílẹ̀. Ẹnì kan wá kó ìwé mẹ́rin tí John Christopher kọ fún wa: The White Mountains, The City of Gold and Lead, The Pool of Fire àti When the Tripods Came. Mi ò ka ìkankan rí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀, èwo ló dáa jù, ṣé kò sì ní máa dẹ́rù bà á lóru? Tẹ́ ẹ bá lè fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì, inú mi á dùn.

Tísà Tó Ti Rẹ̀: Ẹ kú ọmọ mà. The White Mountains ni kó kọ́kọ́ kà, mo fún un ní 9 nínú 10. Ọdún 1967 ló jáde àmọ́ kò hàn lára rẹ̀ rárá, torí ayé inú ìwé náà ti padà sẹ́yìn, ẹṣin ni wọ́n ń gùn, kò síná kò sí mọ́tò, àwọn gàgàrà ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Tripods ló ń jọba lórí ọmọ aráyé. Tọ́mọ bá ti pé 14, wọ́n á gbé e wọnú ọ̀kan lára wọn, wọ́n á dé fìlà irin tí kò ṣeé ṣí mọ́ sí i lórí, látìgbà yẹn ohun táwọn Tripods fẹ́ lòun náà á máa fẹ́. Will tó jẹ́ ọmọ 13 sá kúrò nílé kó tó kàn án.

Ohun tó ń mú inú àwọn ọmọ kíláàsì mi dùn jù ni pé àwọn mọ ohun tí Will ò mọ̀. Wọ́n á débi tí wọ́n ti rí àwọn ẹyin irin kan nínú ìlú tó ti dahoro, kíláàsì á pariwo pé "gìrìnéèdì ni, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Shmand-Fair, mi ò ní sọ ohun tó jẹ́, ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ á rẹ́rìn-ín.

Awòràwọ̀: Tísà, mo gbà, ṣùgbọ́n ìkejì ni baba gbogbo wọn jàre. The City of Gold and Lead, 10 nínú 10, ẹ má bá mi jà. Will àti Fritz lọ díje nínú eré ìdárayá, torí àwọn tó bá borí ni wọ́n ń kó lọ ṣẹrú nínú ìlú àwọn ọ̀gá tó ń darí Tripods, káwọn méjèèjì lè lọ ṣamí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ májèlé ni, ẹrú ò lè mí láìdé ìbòjú, ara á wá wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé ọ lẹ́yìn. Ọ̀gá Fritz ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Ti Will ní tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí a ṣe ń ṣe fún ajá, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú ju lílù lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù, màmá: ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kó àwọn ọmọbìnrin arẹwà tó ti kú sí fún ìran wíwò, bí ẹni to labalábá sínú gíláàsì. Ẹ jókòó tì í tó bá dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ ibẹ̀ yẹn, torí ohun tí mo fẹ́ bá wọn jà lé lórí nìyẹn. Ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, Eloise nìkan lọmọbìnrin tó jọjú, ẹ sì wo ibi tí wọ́n gbé e lọ! Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ló béèrè pé "mọ́mì, àwa dà?" 6 péré ni mo fún gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá lọ́mọbìnrin nílé kó wá A Wrinkle in Time ti Madeleine L'Engle mọ́ ọn, 1962 ló jáde, Meg ló ń wá bàbá rẹ̀ onísáyẹ́ǹsì kiri láti ayé kan sí òmíì, Meg gan-an ló ja ìjà ìparí.

Tísà Tó Ti Rẹ̀: Òótọ́ ni mà, mi ò lè jiyàn ìyẹn.

Bọ̀dá Alálàyé: Èmi ò gba ti Tísà o. When the Tripods Came ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà, ṣebí òun ló sọ bí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe dé. Ìbẹ̀rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Tísà Tó Ti Rẹ̀: Háà, rárá o bọ̀dá! 1988 ló kọ ìyẹn, ó tó nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn àwọn yòókù. Nínú ìwé kìíní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yẹn ló ń dá rìn àbí ẹnì kan wà nínú rẹ̀, àdììtú yẹn ló ń fà ọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tú u, kí ló kù? Ẹ fi ṣe ìkẹyìn. 7 ni mo fún un, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ni wọ́n fi mú àwọn èèyàn lórí níbẹ̀, mo kà á tán mo yọjú wo àwọn tèmi ní pálọ̀.

Awòràwọ̀: Ìkẹta ńkọ́? The Pool of Fire, 7 nínú 10. Ó ń sáré jù, àmọ́ bí ọtí ṣe

Ìyá Ìbejì: Ẹ MÁ TÚ U!!

Awòràwọ̀: Ẹ máa bínú mà 😂 mo ti dákẹ́. Kẹ́ ẹ ṣá mọ̀ pé ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn á kú, lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, ọmọ mi bínú sí òǹkọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ má sì lọ wá fíìmù BBC rẹ̀ láti fi rọ́pò ìwé o. Wọ́n ṣe é ní 1984 àti 1985, ìwé méjì ni wọ́n ṣe, wọn ò ṣe ìkẹta títí dòní.

Màmá Ọlọ́mọ: Ẹ ṣé gan-an ni, ti Tísà ni mo tẹ̀ lé. Ó bẹ̀rẹ̀ lánàá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Lálẹ́ ó wá bi mí pé, àwọn tí wọ́n ti dé ní fìlà yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé fìlà wà lórí wọn? Mo ní kó lọ sùn.