Ọ̀rá atètèdì, kì í ṣe 'ọ̀rá burúkú'

Ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá tí bàbá wa mú wá lánàá, pé kí a máa pe irú ọ̀rá tí àwọn dókítà ní ó ń dá kún àrùn ọkàn, èyí tí òyìnbó ń pè ní 'saturated fat', ní 'ọ̀rá burúkú', kí a sì máa pe èkejì rẹ̀, 'unsaturated fat', ní 'ọ̀rá rere'. Ẹ jọ̀wọ́, sà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹjọ́ ni orúkọ yẹn ń dá. Kò sọ bí nǹkan náà ṣe rí, ẹni tó ń se ọbẹ̀ kò sì lè fi mọ ìgò tí yóò mú.

Ohun tí ojú ń rí ni kí a fi sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, àdí ekùrọ́ a dì gbagidi débi pé a ó gbé e sóòrùn kó tó ṣeé dà. Epo pupa a ki, a sì dì díẹ̀díẹ̀. Òróró ẹ̀pà kì í sábà dì. Bí irú ọ̀rá yìí ṣe pọ̀ tó nínú wọn náà nìyẹn: ó lé ní ìdá 80 nínú 100 àdí, ó tó nǹkan bí ìdajì epo pupa, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òróró ẹ̀pà lọ. Nítorí náà, 'ọ̀rá atètèdì' ni mo dábàá. N kò fẹ́ 'ọ̀rá dídì', bí a ṣe ń sọ pé omi dídì, nítorí pé nínú ooru Èkó, àdí kan náà lè máa ṣàn bí omi.

Orúkọ yìí yóò tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà 'òróró' pẹ̀lú. Èyí tó pọ̀ nínú òróró ọjà wa, epo pupa tí wọ́n bó láwọ̀, tí wọ́n sì yọ apá tó ki jù kúrò lára rẹ̀ ni. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ìyàwó mi rí ohun funfun kan bí ògì nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, ó ní ayédèrú ni mo rà. Ọ̀rá atètèdì tó ṣẹ́ kù ni.

Ní ti òróró tí ilé iṣẹ́ bá fi háídírójìn sọ di líle láàbọ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2018 ké sí àwọn ìjọba pé kí wọ́n mú kúrò nínú oúnjẹ, a lè pe ọ̀rá inú rẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní 'trans fat' ní 'ọ̀rá àmúdì'.

Orúkọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ohun tó jọ ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ni kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pè é ní 'ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀', ẹni tó bá kà á lára ìgò òróró pé kò sí nínú rẹ̀ yóò rò pé òróró aláìlọ́ràá ló rà. Ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wa. Ọ̀rá atètèdì tí a jẹ ló ń mú irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.