Ọkọ mi ti fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ, ó ní kò sí fíìmù mọ́ nínú ilé òun

Ìyá Tọ́ba, Kàbà:

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún, torí kò sẹ́ni tí mo máa sọ ọ́ fún ládùúgbò yìí tí kò ní dé etí ìyá ọkọ mi kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé mo fẹ́ràn fíìmù. Kì í ṣe ti ìfẹ́ tí wọ́n ti ń sunkún látìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Ẹ fún mi ní èyí tó ń já ni láyà, ti ọ̀daràn, ti iwin, ti apààyàn. Èmi ni mo sọ fún yín nípa Weapons nígbà tó jáde ní 2025, èyí tí ọmọ kíláàsì kan náà, àwọn 17, dìde lójú oorun ní aago 2:17 òru, tí wọ́n na apá bí ẹyẹ, tí wọ́n sáré wọnú òkùnkùn lọ. Èmi àti Bàbá Tọ́ba la jọ wò ó. Látìgbà tá a ti fẹ́ra la jọ ń wo fíìmù. Òun gan-an ló pè mí wá wo The Black Book ní 2023, tó ń pariwo lórí àga pé Richard Mofe-Damijo ò ní í darúgbó láé.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí fíìmù mọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alẹ́ Fúráìdè ni. Mo gúnyán, mo se ẹ̀gúsí. Àwọn oníná ò mú iná wá, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù mi ni. Dátà tí mo fi dáńlóòdù fíìmù náà, owó mi ni. Fíìmù ilẹ̀ wa ni, ti àwọn ajínigbé. Kò tíì sí ìbọn níbẹ̀, kò tíì sí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kàn ń rìn nínú igbó lóru, kò sí orin kankan, ewé gbígbẹ nìkan là ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ṣàkà, ṣàkà. Ká tó ṣẹ́jú, Bàbá Tọ́ba ti wà nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Àwo iyán fò lọ. Ọbẹ̀ dà sórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè rẹ̀ tán, epo pupa lórí kápẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí mò ń sọ. Ó fàyà wọ́ lọ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà yọ, ó ní ká dákẹ́. Tọ́ba rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Àtọjọ́ náà ni wáyà ti wà nínú báàgì rẹ̀. Orí àga ní pálọ̀ ló ń sùn, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá bi í, á máa wò mí. Ìyá rẹ̀ ní fíìmù mi ló pe ẹ̀mí àìrí wọlé. Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀. Àbúrò mi ní obìnrin míì ló ní níta.

Wáyà yẹn ò wọ́n lọ́jà. Ṣé kí n kúkú ra òmíràn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àdùkẹ́ Mọ̀pà:

Ra wáyà ẹ jàre. Owó ẹ ni. Tó bá ti rí i pé o ò bẹ òun, á rọlẹ̀. Kí lorúkọ fíìmù yẹn?

Tíṣà Ìsánlú:

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló jẹ mí lógún ní tèmi. Ọmọ ọdún mélòó ni Tọ́ba tó fi jókòó ti fíìmù ajínigbé lálẹ́? Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kì í ṣẹ̀sín tí wọ́n bá kọ 15 tàbí 18 sára fíìmù. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì mi tó máa ń ya òkú sínú ìwé ìṣirò. Mo pe ìyá rẹ̀, ìyá ní òun àti ọmọ ni wọ́n jọ ń wò ó. Kí la wá fẹ́ sọ?

Ìyá Tọ́ba:

Tíṣà, ọmọ mi gbọ́n. Ó mọ̀ pé tòmátò ni ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ bàbá rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Ìyá ọkọ yín ò jẹ̀bi tán o 😂 Ẹ ò wo Sinners ni? Àwọn amùjẹ̀ inú ẹ̀ ò lè wọlé àfi tí onílé bá pè wọ́n wọlé. Àbí ẹ ti lọ pè wọ́n?

Àdùkẹ́ Mọ̀pà:

Sinners yẹn ò tiẹ̀ dẹ́rù bà mí. Orin ni mo gbádùn níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Ohun tí mò ń sọ nìyẹn! Fíìmù orin ni, wọ́n kàn fi ẹ̀jẹ̀ ta sí i. Michael B. Jordan nìkan ló ṣe ìbejì méjèèjì, Mississippi ní 1932. Àmọ́ Wunmi Mosaku ló gba eré yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lójú tèmi, Annie tó mọ ewé mọ egbò. Ọmọ Yorùbá ni, Zaria ni wọ́n bí i sí. Ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ fura sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀ pé ẹni yẹn kì í ṣe èèyàn mọ́ káwọn tó kù tó mọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ Weapons ni ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ jù, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àǹtí yẹn...

Àdùkẹ́ Mọ̀pà:

DÁKẸ́. Mi ò tíì wò ó parí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Ó ti pẹ́ tó jáde, àǹtí mi. Ẹ̀bi mi kọ́ nìyẹn.

Bàbá Ìyàrà:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ fíìmù. Ní 1993 tí Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ya iwin. Àwọn tó ta ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ tó ò ń wò ó á sì máa ro ilẹ̀ tí ìwọ náà ti bá wọn dá sí. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan la ti wò ó, kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tá a ṣe tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jáde lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Fíìmù nìyẹn.

Ìyá Tọ́ba, obìnrin kì í bá ọkọ du rìmóòtù. Bẹ̀ ẹ́.

Yẹmí Lókòjà:

Bàbá, ẹ má dá a lẹ́bi. Ọkùnrin tó jókòó sílé tí kò lọ síbi iṣẹ́ tó tún ń fòfin de tẹlifíṣọ̀n tí ò fi kọ́bọ̀ ra epo sí. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́, tó ń wọ aṣọ jáde láràárọ̀ tó ń lọ jókòó sí gáréèjì, kí ìyàwó má bàa mọ̀. Ẹ pe ọ̀gá rẹ̀, ẹ máa gbọ́ òótọ́.

Ìyá Tọ́ba:

Wọn ò lé e o. Ẹ má bú ọkọ mi. Ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kó sinmi títí ara rẹ̀ á fi le.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ara rẹ̀ á le kúrò nínú kí ni, Ìyá Tọ́ba? Ṣé ó ṣàìsàn ni, àbí jàǹbá mọ́tò?

Ìyá Tọ́ba:

Ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ohun tó ń mú epo pupa kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì? Mo ti lo ọṣẹ ìfọṣọ, ńṣe ló tàn kálẹ̀.

Àdùkẹ́ Mọ̀pà:

Da ìyẹ̀fun sí i kó mu epo náà ná, kó o tó fi omi kàn án. Orúkọ fíìmù yẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Mo ti béèrè, ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹni tó gbọ́ ìró ewé tó wólẹ̀, tó fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, kò ṣeré. Kí ló ṣe ọkọ yín?

Yẹmí Lókòjà:

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù fíìmù ló bà á. Àwa ọkùnrin náà máa ń bẹ̀rù, a kì í sọ ni.

Ìyá Tọ́ba:

Kò sí nǹkan kan tó ṣe é mọ́. Ẹsẹ̀ tó wú ti fà. Ojú ọgbẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Àtìgbà tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ ló ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ta ló fi í sílẹ̀?

Bàbá Ìyàrà:

Ha.

Ìyá Tọ́ba:

Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ gbé e síbí, torí ìyá rẹ̀ ní ká má sọ ọ́ mọ́ kó má bàa padà wá. Nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lápá Ọ̀bàjánà ni wọ́n dá mọ́tò wọn dúró, wọ́n sì kó gbogbo wọn wọgbó. Òru ni wọ́n máa ń mú wọn rìn. A ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹbí dáwó, ṣọ́ọ̀ṣì dáwó, èmi ta fíríìjì méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi í sílẹ̀. A ṣe ìdúpẹ́, wọ́n jó, wọ́n jẹ ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mẹ́nu bà á. Fíìmù ni mo bi yín.

Kẹ́ ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí mi: òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yan èyí tó bá wù mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo bi í pé ti ajínigbé ńkọ́, ó ní kò sí wàhálà. Fíìmù kọ́ ló jí i gbé.

Àdùkẹ́ Mọ̀pà:

Yéè. Ẹ má ra wáyà kankan o.

Yẹmí Lókòjà:

Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ bá mi kí i.

Tíṣà Ìsánlú:

Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀? Àwa tá à ń gba ọ̀nà yìí kọjá mọ bó ṣe rí, wọ́n wá fi ṣe eré ìdárayá fáwọn ará Èkó. Ó yẹ kí wọ́n fòfin dè é.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Tíṣà, tí wọn ò bá ṣe é, ta ló máa mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ síbí? The Black Book tí Ìyá Tọ́ba dárúkọ, ọlọ́pàá ló pa ọmọ diákónì inú ẹ̀, tí wọ́n pe ọmọ ọlọ́mọ ní ajínigbé. Ṣé irọ́ ni pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀? Fíìmù ò dá nǹkan sílẹ̀.

Tíṣà Ìsánlú:

Ṣé ẹ ti sùn nínú igbó rí ni, tẹ́ ẹ fi ń gbèjà fíìmù?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Ṣé ẹ̀yin ti sùn níbẹ̀ rí?

Ọmọ Yàgbà:

Ẹ sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ rí, ó sì dé. A kì í lu nǹkan lójijì nílé wa mọ́. Bí ọmọdé bá fọ́ báàgì píọ́ wọ́tà lójú ọ̀nà, á fò. Ọdún kejì rèé. Fíìmù ìjà tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ó ti padà sórí ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pa ohùn rẹ̀ rẹ́ pátápátá, àwòrán nìkan ló ń wò. Èyí tí igbó bá ti wà nínú ẹ̀, rárá. Àwa náà ò bi í.

Bàbá Ìyàrà:

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ mi, mo ní kó o bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Má bẹ̀ ẹ́ mọ́, jókòó tì í.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ìyá Tọ́ba, ẹ ka èyí dáadáa. Ẹ̀mí àìrí kọ́, obìnrin kọ́, ìmẹ́lẹ́ kọ́. Ìró tó bá jọ ti ibẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ padà síbẹ̀, kó tó ráyè ronú pé pálọ̀ ni òun wà. Bó ṣe kọjú sí ilẹ̀kùn tó fi ń sùn, ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe fún yín. Bó bá ti ju oṣù kan lọ tí irú èyí ṣì ń ṣe é, dókítà ló yẹ kó rí i. Ó ní ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, nígbà míì wọ́n á fi òògùn kún un. Ẹ má fipá mú un sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ má fọwọ́ kàn án lójijì tó bá ń sùn, ẹ pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ẹ sọ fún Tọ́ba lọ́nà tó máa yé e pé bàbá rẹ̀ ò bínú sí i. Tí ẹ bá sì gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n lẹ́nu rẹ̀ pé ikú sàn, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ìyá Tọ́ba:

Ó ní òun ò ya wèrè, òun ò ní í lọ rí dókítà wèrè. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn Kàbà? Àti fíìmù, ṣé kí n wá jókòó lásán lálẹ́ ni? Ṣé mi ò lè ki nǹkan sétí kí n máa wò ó lórí fóònù?

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ẹ máa wò ó, kó jẹ́ pé ó mọ̀ pé fíìmù lẹ̀ ń wò, kí igbe yín má sì jí i. Ní ti dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ èyí tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ tún mú un lọ yẹ̀ wò, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Inú yàrá lẹ máa ti sọ ti oorun fún un, á sì kọ̀wé sí Lókòjà tó bá yẹ.

Ìyá Tọ́ba:

Ìyẹn dáa. Àmọ́ kẹ́mísì ti fún un ní òògùn oorun, ó ti ń lò ó látìgbà tó ti dé. Ó ní ọ̀kan ò ràn án mọ́, ó ti ń lo méjì.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Èwo nínú òògùn oorun? Kó má fi kún un mọ́, kó má sì dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, ìyẹn náà léwu. Ṣé ó ń mu ọtí lé e?

Ìyá Tọ́ba:

Díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ẹ gbé ọtí kúrò nílé lálẹ́ yìí. Ọtí àti òògùn oorun lè dá èémí dúró lójú oorun. Ẹ ya páálí òògùn yẹn kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Ìyá Tọ́ba:

Kò sí páálí. Inú ọ̀rá ló dì í sí fún un. Màá bi kẹ́mísì láàárọ̀ ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:

Ẹ pè é báyìí. Ó ní fóònù.