Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi owó kékeré rà fún fọ́tò òkè, omi àti òrùlé Ìbàdàn?

Ọmọ Òkè Àrẹ̀mọ:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò, mo sì kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi náà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Kámẹ́rà Canon 1300D tòkunbọ̀ ni mò ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55mm tó bá a wá. Fọ́tò òde ìnáwó kọ́ ló wù mí láti máa yà, bí kò ṣe ilẹ̀, òkè, omi àti òrùlé ìlú yìí. Mo máa ń gun ilé ìṣọ́ Bower, tí àwa ará àdúgbò ń pè ní Láyípo, láti ya àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ Màpó, mo sì máa ń lọ sí etí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé ní ìdájí.

Ìṣòro mi nìyí. Bí mo bá gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà tí mo sì fẹ̀ ẹ́, àwọn òrùlé tó wà lókèèrè kì í hàn kedere, pàápàá nínú èyí tí mo bá yà ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá hàn dáadáa, ojú ọ̀run á funfun láìní kùrukùru kankan nínú. Bí ojú ọ̀run bá sì dára, gbogbo ilẹ̀ á ṣókùnkùn. Owó tí mo tọ́jú kò ju ₦250,000 lọ, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta kámẹ́rà yìí, kí n wá owó kún un, kí n fi ra Canon 6D tòkunbọ̀ tí í ṣe full frame, ìyẹn èyí tí sensor rẹ̀ (awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tóbi ju tèmi lọ. Ẹlòmíràn ní lẹ́ńsì 10-18mm tó máa ń gba ilẹ̀ púpọ̀ ló yẹ kí n rà. Ẹ jọ̀wọ́, nínú kámẹ́rà, lẹ́ńsì, tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé) àti filter (gíláàsì tí a ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì), èwo ló máa tún fọ́tò mi ṣe jù lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba owó yìí?

Aláwòrán Ẹlẹ́yẹlé:

O kú ìbéèrè, àbúrò. Má ta kámẹ́rà yẹn. Fọ́tò tí 1300D ń yà ní piksẹ́lì 5184 ní ìbú àti 3456 ní òró, èyí tó tó láti tẹ àwòrán tó fẹ̀ tó ínṣì 17 sí ínṣì 11 ààbọ̀ láìjẹ́ pé ó fọ́ lójú. Lóòótọ́ ni 6D tí ọ̀rẹ́ rẹ dárúkọ dára, ọdún 2012 ni Canon gbé e jáde, ó sì ń ṣe dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀ ju tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́ńsì EF-S tí o ní kò ní wọ ẹnu 6D, nítorí pé kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ kéré bíi tìrẹ ni wọ́n ṣe irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ fún. Bí o bá ra kámẹ́rà náà tán, owó lẹ́ńsì tún kù, fọ́tò ìdájí rẹ á sì tún máa ṣe bàìbàì bí o bá ń fi ọwọ́ gbá a mú.

Ohun tí o ṣàlàyé yẹn, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí kò dúró sójú kan ni. Mo mọ etí omi Ẹlẹ́yẹlé ní ìdájí dáadáa. Bí o bá fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 100, tí o sì fi ojú lẹ́ńsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/8 kí ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lókèèrè lè hàn papọ̀, ojú kámẹ́rà lè ní láti ṣí sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ISO, á gbé e sókè, fọ́tò á sì kún fún hóró-hóró tí yóò jẹ gbogbo etí òrùlé àti ewé. Nítorí náà, tripod ni kí o kọ́kọ́ rà, kí o tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó wọ́n, nítorí pé kámẹ́rà rẹ pẹ̀lú lẹ́ńsì rẹ̀ kò tó kílò kan. Ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò ní ìsọ̀ ni pé kí o na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, kí o fi ìka kan ta orí rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà máa ń jókòó sí, kí o sì wo bóyá ó ń gbọ̀n pẹ́ kó tó dákẹ́. Èyí tó bá ń gbọ̀n pẹ́, fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó lójú. Wo abẹ́ ọ̀pá àárín rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá ó ní ìkọ́ tí o lè fi àpò rẹ kọ́, nítorí atẹ́gùn orí òkè kì í ṣe kékeré. Nígbà tí o bá ń lò ó, apá ẹsẹ̀ tó nípọn ni kí o kọ́kọ́ fà síta. Ọ̀pá àárín ni kí o fi ṣe ìkẹyìn, kó sì jẹ́ nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn nìkan.

Bí kámẹ́rà bá ti wà lórí tripod, pa IS (ohun tó ń dín mímì ọwọ́ kù) bó bá wà lára lẹ́ńsì, kí o lo aago ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ọwọ́ tí o fi tẹ bọ́tìnì má bàa mì ín. Má fi ojú lẹ́ńsì sí f/22 pẹ̀lú èrò pé gbogbo nǹkan á hàn, nítorí bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń há sí i. Lórí sensor kékeré, bí ihò náà bá ti há jù, ìmọ́lẹ̀ á máa tàn ká, fọ́tò á sì rọ̀ lójú. Mi ò kì í kọjá f/11.

Ní ti ojú ọ̀run tó ń funfun, kò gba owó rárá. Kámẹ́rà rẹ ní AEB nínú, ètò tó ń ya fọ́tò kan náà ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Jẹ́ kó ya mẹ́ta tẹ̀ léra lórí tripod kan náà, ọ̀kan ní déédéé, ọ̀kan tó ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí o sì yà wọ́n ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀) dípò JPEG. Darktable, ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, lè da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún ọ.

Ìyá Ìbejì Aláwòrán:

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa tripod tọ̀nà, n kò ní àtakò sí i. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ní orí Láyípo, níbi tí ààyè ti há tí ènìyàn sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lè má rí ibi na ẹsẹ̀ mẹ́ta sí. Ẹ ní kí télọ̀ rán àpò kékeré kan fún yín láti inú ìrépé àǹkárá, kó tóbi tó ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́, kí ẹ rọ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì sínú rẹ̀ kó má kún jù, kí ẹ sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Bí ẹ bá gbé e lé orí ògiri tí ẹ sì tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ̀wà náà á rọra gbà á mọ́ra, kò sì ní yẹ̀.

Ibi tí èmi ti yà sọ́tọ̀ ni ti lẹ́ńsì. Àbúrò mi, ẹ má ra 10-18mm yẹn báyìí. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ fọ́tò ilẹ̀ máa ń rò pé lẹ́ńsì tó gba ilẹ̀ púpọ̀ ló kàn, bẹ́ẹ̀ lẹ́ńsì yẹn máa ń ti ohun tó wà lókèèrè jìnnà sí i ni. Bí ẹ bá gbé e dúró lórí Láyípo, ìdajì fọ́tò á jẹ́ ojú ọ̀run, àwọn òrùlé tó wù yín yẹn á sì kéré débi pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé Ìbàdàn ni. Ibi tí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ dára sí ni ibi tí nǹkan bá wà nítòsí ẹsẹ̀ yín, bí àpáta tàbí gbòǹgbò igi, tí ẹ lè fi ṣe iwájú fọ́tò.

Lẹ́ńsì gígùn, tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́, ni ìlú olókè bíi tiwa ń fẹ́. EF-S 55-250mm tòkunbọ̀ ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá fà á dé nǹkan bíi 150mm tàbí 200mm, àwọn òrùlé á súnmọ́ ara wọn, ọ̀kan á gun orí èkejì láti ìsàlẹ̀ dé òkè fọ́tò, ẹ ó rí ibi tí páànù tuntun ti ń dán láàárín àwọn tó ti pọ́n, ẹ ó rí aṣọ lórí okùn àti èéfín ìdáná, Cocoa House tó ti ń dá yọ ní Dùgbẹ̀ láti ọdún 1965 á sì dúró gbagidi lẹ́yìn wọn dípò kó dà bí igi ìṣáná. Ibẹ̀ ni Ìbàdàn wà. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ya ìlú yìí kò pọ̀ tó ń yà á bẹ́ẹ̀.

Bí ilẹ̀ tó fẹ̀ bá sì wù yín, 18-55mm ọwọ́ yín lè ṣe é. Ní 18mm, ẹ dá kámẹ́rà dúró lóròó, kí ẹ ya mẹ́ta láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ṣáájú máa wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba nǹkan bíi ìwọ̀n (degree) 45 ní fífẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì gba bíi 105. Ìwọ̀n 96 péré ni 10-18mm lè gbà lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá wà ní 10mm. Ẹ fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín yan ìmọ́lẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọn má yàtọ̀ síra, kí ẹ sì fi ètò kọ̀ǹpútà Hugin rán wọn pọ̀. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ohun tí kò dára fún ni ibi tí ènìyàn tàbí ọkọ̀ ń kọjá nítòsí.

Ẹ má gbàgbé ọyẹ́ o. Lẹ́ńsì gígùn máa ń fi gbogbo eruku tó wà láàárín yín àti òkè kejì hàn, kò sì sí owó tó lè mú un kúrò. Ìgbà òjò ni kí ẹ gòkè, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run tán ní ọ̀sán, kí oòrùn tó wọ̀.

Atúnlẹ́ńsìṣe:

Iṣẹ́ títún kámẹ́rà ṣe ni mò ń ṣe, mo sì fara mọ́ 55-250mm tí wọ́n sọ yìí, kì í ṣe nítorí fọ́tò nìkan. Ẹnu filter rẹ̀ jẹ́ 58mm, bákan náà sì ni ti 18-55mm yín, nítorí náà filter kan ṣoṣo á sin méjèèjì. Ti 10-18mm jẹ́ 67mm.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má sanwó kí ẹ tó wo inú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ fi í sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó láti iwájú. Eruku kékeré kò ṣe nǹkan. Ohun tí ẹ óò máa ṣọ́ ni okùn tín-ín-rín funfun tó ta ká inú gíláàsì, èyí tó túmọ̀ sí pé lẹ́ńsì náà ti bu. Ọ̀rinrin ló ń fà á, bí a bá sì jẹ́ kó pẹ́, ó máa ń jẹ ojú gíláàsì wọlé débi pé títún un ṣe kò lè dá a padà mọ́. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, inú àpò aláwọ tí wọ́n fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá jálẹ̀ ìgbà òjò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa kó àwọn àpò kékeré oníhóró tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun jọ, kí ẹ kó wọn sínú ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin pẹ̀lú lẹ́ńsì yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi lẹ́ńsì náà sórí kámẹ́rà tiyín ní ìsọ̀, pẹ̀lú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín. Ẹ ya ògiri tó ní bíríkì tàbí ojú ilé tó ní fèrèsé púpọ̀ ní 55mm, ní 135mm àti ní 250mm, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà, kí ẹ sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá ṣe bàìbàì nígbà tí èyí tó dojú kọ ọ́ mọ́ kedere, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì náà ti ṣubú rí.

Nípa filter, polarizer ni mo gbà yín níyànjú láti rà, ẹ má náwó sórí UV. Polarizer máa ń yọ dídán kúrò lójú omi àti lára ewé, kùrukùru funfun á sì yọ jáde nínú ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù sí ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin, kò sì lè ṣe nǹkan púpọ̀ sí eruku ọyẹ́. Ìgbà tí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, lọ́tùn-ún tàbí lósì, ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ọmọ Òkè Àrẹ̀mọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pinnu pé tripod ni màá kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà 55-250mm, kí n sì fi èyí tó bá kù ra polarizer. Mo rí i pé oríṣi 55-250mm ju ẹyọ kan lọ, èyí tí wọ́n kọ STM sí lára sì wọ́n díẹ̀ sí i. Ṣé owó tí wọ́n fi lé e tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì máa ra 10-18mm lọ́jọ́ iwájú, ṣé filter 67mm ló yẹ kí n rà báyìí?

Atúnlẹ́ńsìṣe:

Bí owó bá ká a, STM, orúkọ irú mọ́tò tó ń fókọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, ni kí ẹ mú, ọdún 2013 ló jáde. Ó mọ́ kedere ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ ní 250mm, iwájú rẹ̀ kì í sì í yí nígbà tó bá ń fókọ́ọ̀sì. Ti àwọn tó ṣáájú máa ń yí, bí ẹ bá sì ti to polarizer síbi tó dára, fókọ́ọ̀sì á tún da á rú.

Filter 67mm ṣeé lò lórí ẹnu 58mm bí ẹ bá ra òrùka tó ń so wọ́n pọ̀, owó òrùka náà kò sì tó nǹkan. Èyí tó kéré sórí ẹnu tó tóbi ni kò ṣeé ṣe, nítorí ó máa ń dúdú ní igun fọ́tò. Bí 10-18mm bá dá yín lójú, ẹ ra 67mm; bí kò bá dá yín lójú, 58mm ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó kù ra bátìrì kejì.

Ẹ wo ara 18-55mm tó wà lọ́wọ́ yín náà. Bí kò bá ní STM lára, ẹnu rẹ̀ ń yí, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fókọ́ọ̀sì, kí ẹ gbé bọ́tìnì ara lẹ́ńsì sí MF (fókọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe), lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yí polarizer.